Ọkọ̀ tó ń ká òrùlé sínú búùtù: Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò le, òkè rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún

Ta ló lè gbà á gbọ́ pé máíkírà, ọkọ̀ kékeré tó ń kó èrò láti Ìwó Road lọ sí Akobo n'Ìbàdàn, ní mọ̀lẹ́bí kan tó ń ká òrùlé ara rẹ̀ sínú búùtù? Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Lọ́dún 2005 ni iléeṣẹ́ Nissan gbé e jáde, Micra C+C ni wọ́n sì pè é. Ìlú Sunderland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe é. Bí ẹ bá ṣí iwájú rẹ̀, irú ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ dáadáa lẹ máa bá níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹni tó wà á bá tẹ bọ́tìnnì kan, òrùlé rẹ̀ yóò gbéra nílẹ̀, yóò ṣẹ́ po, yóò sì wọ inú búùtù lọ bí ìgbín tó fà sínú ìkarahun. Kí èèyàn tó ka oókan dé ọgbọ̀n, ọkọ̀ tó lórí tẹ́lẹ̀ ti di ọkọ̀ tí kò lórí mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Irú ọkọ̀ yìí wu èèyàn. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ láti Ìdí-Apẹ́, tó gba Baṣọ̀run, tó ń lọ sí Akobo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tí oòrùn ti rọlẹ̀, kò sẹ́ni tí kì í yí ọrùn wò ó. Àwọn ọmọ á máa pariwo, àwọn ọlọ́kadà á sún mọ́ ọn kí wọ́n lè wo inú rẹ̀. Ohun tó tún ń fa ojú àwọn tó fẹ́ rà á mọ́ra ni pé, nígbà mìíràn, owó tí wọ́n ń dá lé e níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ kò ju ti Corolla tàbí Camry tí ọdún wọn jọra lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń bi ara wọn pé, bí owó bá dọ́gba, kí ló dé tí mo fi máa ra èyí tí gbogbo ayé ń wà?

Ìbéèrè yẹn ló yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó kó owó ìfipamọ́ rẹ̀ lé e lórí. Nínú ìròyìn yìí, akárùlé la óò máa pe ọkọ̀ náà, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù.

Kò dà bí ọkọ̀ olórí-aṣọ

Ọkọ̀ tó ń ṣí lórí kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn bàbá wa rí èyí tí wọ́n fi aṣọ tàbí rọ́bà ṣe òrùlé rẹ̀. Àmọ́ olórí-aṣọ ní ìṣòro tirẹ̀ nílẹ̀ wa. Oòrùn ń gbó aṣọ náà, òjò ń bà á jẹ́, ariwo títì sì ń wọlé. Èyí tó burú jù ni pé abẹ́ lásán ni olè nílò láti fi ya á, kó sì kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Akárùlé ni wọ́n fi wá ọ̀nà àbáyọ sí gbogbo èyí. Irin ni òrùlé rẹ̀, ti àwọn mìíràn ní gíláàsì nínú. Bí wọ́n bá tì í, kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníléẹ̀kùn méjì lásán. Ẹ lè tan ẹ́síì sínú rẹ̀, ẹ lè pa á síta mọ́jú, òjò sì lè rọ̀ lé e lórí. Bí ẹ bá wá fẹ́ gbádùn afẹ́fẹ́, bọ́tìnnì ni. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n rà ní iye ẹyọ kan, bí àwọn tó ń tà á ṣe máa ń sọ nìyẹn.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Oníṣẹ́ eyín kan nílẹ̀ Faransé, Georges Paulin, ló ronú rẹ̀, Peugeot sì lò ó sára ọkọ̀ wọn lọ́dún 1934. Ní Amẹ́ríkà, Ford ta Fairlane 500 Skyliner láàrin ọdún 1957 sí 1959, ó sì dáwọ́ rẹ̀ dúró nítorí pé wáyà àti ẹ̀rọ tó ń gbé òrùlé náà pọ̀ jù, owó rẹ̀ sì ga. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mercedes ló tún gbé e dìde lọ́dún 1996 pẹ̀lú SLK, ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ bá olówó Mercedes du nǹkan?

Peugeot ló sọ ọ́ di ti mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Yúróòpù. Lọ́dún 2000, wọ́n gbé 206 CC jáde. 206 tí àwọn òṣìṣẹ́ lásán ń wà lọ síbi iṣẹ́ ni, òrùlé rẹ̀ nìkan ni wọ́n yí padà. Bí ó ṣe tà nìyẹn tí gbogbo iléeṣẹ́ yòókù fi sáré tẹ̀ lé wọn. Lọ́dún 2003, Renault ṣe ti Megane, Peugeot fúnra rẹ̀ sì ṣe 307 CC. Opel gbé Tigra TwinTop jáde lọ́dún 2004 láti ara Corsa. Nissan ṣe ti máíkírà lọ́dún 2005. Nígbà tó di 2006, Volkswagen gbé Eos jáde láti iléeṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Palmela, nílẹ̀ Pọtogí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, General Motors sì ṣe Pontiac G6. Méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní iye tí kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Chrysler náà fi òrùlé irin sí Sebring tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà.

Ẹ kíyè sí ohun tó jẹ́ kí owó wọn wálẹ̀. Kò sí iléeṣẹ́ kan nínú wọn tó jókòó ṣe ọkọ̀ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì gbé òrùlé tó ń ká lé e. Láti ìbàdí wálẹ̀, máíkírà ni, Golf ni, 206 ni. Láti ìbàdí sókè, àlejò ni. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìròyìn yìí wà.

Ìdí tó fi wu ará Akobo

Akobo kì í ṣe àárín ìlú àtijọ́ bíi Ọjàá'ba tàbí Mápó. Àdúgbò tí àwọn èèyàn ń kọ́ ilé tuntun sí ni, tí òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì àtàwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà jọ ń gbé. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ọgbà àti géètì, tí àyè sì wà láti pa ọkọ̀ méjì sí. Títì ńlá tó wọ ibẹ̀ gùn, ó sì fẹ̀, èèyàn lè rọra wa ọkọ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìwà àṣejù ni bí ẹnìkan níbẹ̀ bá ń ronú nípa ọkọ̀ kejì tí yóò máa fi gbafẹ́.

Yàtọ̀ sí ìgbafẹ́, owó wà nínú rẹ̀. Ìlú ìnáwó n'Ìbàdàn. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló sì ń fẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n lè dìde dúró nínú rẹ̀ kí àwọn ayàwòrán lè yà wọ́n. Àwọn olórin tó ń ya fídíò náà ń wá a. Àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ń wá a. Ẹni tó bá ní akárùlé tó mọ́ tónítóní lè máa fi í háyà, kó sì máa rí owó lórí rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Ìdí kẹta ni ti ọkàn lásán. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún, tó ti rán ọmọ níléèwé, tó ti kọ́lé, lè sọ pé òun náà fẹ́ ohun kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó mú inú òun dùn. A ò lè bá a jà. Ohun tí a lè ṣe ni ká jẹ́ kó mọ iye tí inú dídùn náà máa ná an.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Bí bíréèkì Eos bá jẹ, tàbí tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ bá kú, inú ọjà Araromi ní Agodi Gate ni ẹ máa lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló bá ti Golf tàbí Passat mu, kò sì sí ọjọ́ tí wọn kì í ta ti Golf. Bí kò bá sí n'Ìbàdàn, ẹ ó rí i ní Ládípọ̀, l'Ékòó. Ti 206 CC náà bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọ 206 mọ̀ ọ́n. Peugeot kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa rárá, láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ ní Kaduna. Ti Pontiac G6 ló ní ìṣòro díẹ̀, nítorí General Motors ti pa orúkọ Pontiac rẹ́ lọ́dún 2010, àmọ́ ẹ̀yà ara rẹ̀ kan bá ti Chevrolet Malibu mu.

Ohun tí èyí ń sọ ni pé, bí ẹni tó ń tà á bá ń fi ẹ́ńjìnnì yangàn fún yín, tó ń sọ pé kò sí ohun tó rọrùn tó o láti tún ṣe, irọ́ kọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnnì lẹ tìtorí rẹ̀ wá. Òrùlé lẹ tìtorí rẹ̀ wá.

Òkè rẹ̀ ni iṣẹ́ wà

Nínú òrùlé yẹn, póǹpù kan wà tó ń fi ọ́ìlì ti àwọn ọ̀pá irin tó ń gbé òrùlé sókè. Ti àwọn mìíràn ń lo mọ́tọ̀ iná kéékèèké. Wáyà wà káàkiri ara rẹ̀. Àwọn ohun tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀ wà ní gbogbo oríkèé, iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé apá yìí ti dé ibi tó yẹ kó dé, kí èkejì tó gbéra. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá kú, gbogbo rẹ̀ á dúró. Ó lè dúró ní àárín, òrùlé ò ní wọlé, kò sì ní jáde, bí ẹni tó na apá sókè tí kò lè gbé e wálẹ̀ mọ́. Ká wá ní òjò ń bọ̀.

Òrùlé Eos fúnra rẹ̀ pín sí ọ̀nà márùn-ún, ojú fèrèsé gíláàsì tó ń ṣí wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ ibi tí àwọn ìpín yẹn ti pàdé, rọ́bà ló ń dí i kí omi má wọlé. Volkswagen fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn tó ní Eos máa nu rọ́bà náà, kí wọ́n sì máa fi gírísì tó wà fún un pa á lóòrèkóòrè. Mélòó nínú àwa tó ń ra tòkunbọ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀? Oòrùn Ìbàdàn ń gbẹ rọ́bà. Eruku ọyẹ́ ń kó sí i lára láti oṣù Kejìlá. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, rọ́bà ti le, ó ti sán, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí orí àga. Àwọn ihò kéékèèké tún wà tí omi òrùlé ń gbà jáde. Bí ẹ bá ń pa ọkọ̀ náà sábẹ́ igi máńgòrò, ewé á dí wọn, omi á sì wá ọ̀nà mìíràn gbà. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló máa ń lọ, níbi tí wáyà àti kọ̀ǹpútà àwọn ọkọ̀ mìíràn wà.

Ẹ̀yà ara òrùlé yìí kò bá ti Golf mu, kò bá ti máíkírà mu. Kò sí ní Agodi Gate bí ẹni ra bíréèkì. Bí ẹ bá rí i, láti ara akárùlé mìíràn tí wọ́n ti tú ni wọ́n ti yọ ọ́, ẹ ò sì mọ bí tibẹ̀ ṣe lágbára tó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa rán ẹni tó wà lókè òkun.

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ dọ́là sọ èyí dà. Ká ní póǹpù kan ń jẹ́ 300 dọ́là, ẹ má tíì ka owó tí wọ́n fi gbé e wá. Kí ìjọba tó jẹ́ kí náírà máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Póǹpù yẹn jẹ́ 138,000 náírà. Nígbà tí dọ́là dé 1,500 náírà lọ́dún 2024, póǹpù kan náà di 450,000 náírà. Póǹpù ò yí padà, ọkọ̀ ò yí padà, àpò ẹni tó ni ín ló yí padà. Epo náà ò gbẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023, líítà kan kò tó 200 náírà lọ́pọ̀ ilé epo, nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà. Akárùlé sì wúwo ju ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣe é lọ, nítorí irin tó wà lórí àti èyí tí wọ́n fi kún ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà tó ń gbà wọlé ti ń dí

Ohun mìíràn tí olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé àwọn akárùlé olówó pọ́ọ́kú yìí kò sí lórí àtẹ mọ́. Volkswagen dáwọ́ Eos dúró lọ́dún 2015, àwọn yòókù tí a dárúkọ náà ti lọ. Lára àwọn tí wọ́n tún gbé jáde lẹ́yìn ìgbà náà ni Mazda MX-5 RF ti ọdún 2016, àyè èèyàn méjì péré ló sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí tuntun Micra C+C tàbí 206 CC níbì kankan láyé. Tòkunbọ̀ ni gbogbo rẹ̀, tàbí èyí tí ẹnìkan ti lò nílé níbí.

Òfin ilẹ̀ wa sì kà á léèwọ̀ láti kó ọkọ̀ àlòkù tó ti ju ọdún 12 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é wọlé. Ẹ fi ìka yín ṣe ìṣirò. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2006 tàbí 2009 kò lè gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ wọlé mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ẹnubodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé mọ́, èbúté nìkan ni. Ẹni tó bá sọ pé òun máa bá yín mú Pontiac ọdún 2007 wá láti Kútọnu ní ìdajì owó, fàyàwọ́ ló ń pè yín sí. Bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá dá a dúró lọ́nà, ọkọ̀ lọ, owó lọ.

Àwọn tó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Akárùlé pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè dín owó níbẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ wọn wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba apá ọ̀tún títì, òfin ìrìnnà wa kò sì gba ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn kan ń yí ìdarí náà padà sí òsì nílé mẹkáníìkì. Ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ti kún fún wáyà báyìí kì í ṣe èyí tó yẹ kí wọ́n tún máa gé wáyà iwájú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á dandan

Ẹni tó ti pinnu, a ò ní kó má rà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ lọ wò ó ní àárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Ẹ ní kí wọ́n ṣí òrùlé náà, kí wọ́n sì tì í, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, níṣojú yín. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Póǹpù tó ti ń kú lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ́tí sí ariwo rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá apá òsì àti apá ọ̀tún jọ ń lọ pọ̀. Bí òrùlé bá ń gbọ̀n tàbí tó ń dúró kó tó tún gbéra, ẹ ti rí ìdí tí ẹni náà fi fẹ́ tà á.

Ìkejì, ẹni tó bá sọ fún yín pé nǹkan kékeré ló bàjẹ́ níbẹ̀, pé rìwáyà á tún un ṣe ní wákàtí kan, ẹ ní kó pe rìwáyà náà wá kẹ́ ẹ tó sanwó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí, ìbòrí kan wà nínú búùtù tó ń ya ẹrù sọ́tọ̀ kúrò níbi tí òrùlé máa kó sí. Bí kò bá sí ní ipò rẹ̀, òrùlé ò ní dá yín lóhùn. Bátìrì tó rọ náà lè fa irú rẹ̀. Àmọ́ bó bá rọrùn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí kò tíì tún un ṣe kó tó gbé e sọ́jà?

Ìkẹta, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Ẹ jókòó sínú rẹ̀, kí wọ́n rọ omi lé e lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kan òkè fèrèsé, ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi imú gbóòórùn inú rẹ̀. Ọkọ̀ tí omi ti ń wọ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Lọ́fínńdà tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ àlòkù kì í ṣe àmì dáadáa.

Ìkẹrin, ẹ ṣí búùtù, kí ẹ fi àsọ funfun nu ìdí àwọn ọ̀pá tó ń gbé òrùlé. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, ó ń jò nìyẹn. Ẹ tún ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ wo gíláàsì rẹ̀. Gíláàsì akárùlé kì í ní férémù lókè, nítorí náà ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá fa ilẹ̀kùn, á sì padà sókè bí ẹ bá tì í. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń gé rọ́bà òkè jẹ lójoojúmọ́.

Ìkarùn-ún, ẹ mú oníṣẹ́ panẹ́lì tí ẹ fọkàn tán dání. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gbá lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ara rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀, òrùlé rẹ̀ kò ní bọ́ sí ipò mọ́ láé, bó ti wù kí wọ́n kùn ún tó. Ní ti Corolla, ìwọ̀nba ẹ̀tẹ̀ kì í dí i lọ́wọ́ láti rìn. Ní ti akárùlé, ó ti parí.

Ìkẹfà, ẹ yẹ ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ wò, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ wé èyí tó wà nínú ìwé. Ẹ má gba pé ìwé ń bọ̀.

Ta ló yẹ kó rà á?

Ká ní ẹnìkan n'Akobo ní mílíọ̀nù mẹ́fà náírà tó ti ń fi pamọ́ láti ọdún mélòó kan. Ó níyàwó, ó bí ọmọ mẹ́ta. Ọkọ̀ yìí ló sì máa jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ìmọ̀ràn wa ni pé kó má rà á. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ há, ti 206 CC sì há débi pé àgbàlagbà ò lè jókòó síbẹ̀ pẹ́. Bí òrùlé bá ká wọ inú búùtù, àyè tó kù kò tó fún ẹrù ọjà. Ti Eos, tó ń gba líítà 380 nígbà tí òrùlé wà lókè, á di 205 bí ó bá ká. Ọjọ́ tí òrùlé bá kọ̀, àwọn ọmọ ò ní rí ọkọ̀ lọ síléèwé.

Àmọ́ bí ẹni náà bá ti ní ọkọ̀ tó ń gbé ẹbí rẹ̀, tó ní géètì àti ibi tí òrùlé tàbí tápólì bo ọkọ̀ lórí, tí akárùlé yìí sì jẹ́ ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kó ṣe. Kó má ná mílíọ̀nù mẹ́fà náà tán lórí ọkọ̀. Kó wá èyí tí kò ju mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ lọ, kó sì fi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tó kù pamọ́ fún òrùlé. Bí òrùlé ò bá bàjẹ́, owó rẹ̀ ṣì wà. Bó bá bàjẹ́, kò ní di pé ọkọ̀ bọ̀gìnnì ń sùn nínú ọgbà, tí koríko ń hù yí i ká.

Ẹni tó fẹ́ fi í háyà fún ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ fi ìdójútòfò kún ìṣirò rẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ìdójútòfò tó kéré jù fún ọkọ̀ aládàáni ti di 15,000 náírà lọ́dún, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní san ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀. Èyí tó máa san án kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Fún ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀, 225,000 náírà nìyẹn lọ́dún. Kó tún sọ fún iléeṣẹ́ náà pé háyà ni òun fẹ́ máa fi ṣe, nítorí bó bá fi í pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí ó sì ṣe àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà pé awakọ̀ òun nìkan ló máa fọwọ́ kan bọ́tìnnì òrùlé. Ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó tó ti mu ọtí díẹ̀, tó ń tẹ bọ́tìnnì sókè sódò kí àwọn èèyàn lè rí i, lè jẹ owó háyà oṣù mẹ́fà run ní ìṣẹ́jú kan.

Ní tòótọ́, ẹwà akárùlé kì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá ti gun un rí ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn òjò, tí títì tutù, tí òórùn ilẹ̀ ń jáde, tí ó ń rọra bọ̀ láti Baṣọ̀run sí Akobo lábẹ́ ojú ọ̀run, á mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí Corolla ò lè fún èèyàn láé. Àwọn tó ṣe é ní Yúróòpù fẹ́ kí òṣìṣẹ́ lásán náà jẹ nínú adùn tí olówó ń jẹ. Wọ́n ṣàṣeyọrí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tà á tuntun, iléeṣẹ́ ló ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́. Àwa tó ń rà á gẹ́gẹ́ bí ẹnìkẹta tàbí ẹnìkẹrin, àwa fúnra wa ni iléeṣẹ́.

Nítorí náà, bí oníṣòwò ọkọ̀ bá sọ iye fún yín lọ́la, ẹ rántí pé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló dá iye lé. Ẹ bi í léèrè iye tí òkè rẹ̀ jẹ́. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ sọ pé ó dàbọ̀, kí ẹ wọ máíkírà padà sílé.